Flamboyant, igi irú, agunmániyè àbí kásíà: èwo lẹ fẹ́ gbìn síwájú ilé l'Óṣogbo?

Ànńtí kan yà sọ́dọ̀ mi lọ́jọ́ Sátidé, níbi tí mo ti ń ta igi inú ọ̀rá lẹ́bàá ọ̀nà Òkè-Baálẹ̀. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́lé tán ni, ààbọ̀ pulọ́ọ̀tì, wọ́n ò tíì kun ògiri ẹ̀ pàápàá, wọ́n wá na fóònù sí mi, fọ́tò igi flamboyant kan tó pupa fòò látòkè délẹ̀, wọ́n ní "Bùrọ̀dá, eléyìí ni mo fẹ́ o, níwájú géètì gan-an." Ìyá ọkọ wọn tí wọ́n jọ wá wo fọ́tò yẹn, wọ́n yínmú, wọ́n ní igi téèyàn ò lè jẹ nǹkan kan lára ẹ̀, kí la fẹ́ fi ṣe, ẹ gbin igi irú jàre. Ọkọ ò tiẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò, ojú fèrèsé ló ti ń pariwo pé èyí tó bá máa tètè ṣíji bo mọ́tò òun ni kí wọ́n gbé.

Irú ẹjọ́ yìí ti pọ̀ jù lọ́wọ́ mi. Torí náà ẹ jẹ́ n kó wọn síwájú ara wọn lẹ́ẹ̀kan, flamboyant, igi irú, agunmániyè tí wọ́n fi ń ṣe fẹ́ǹsì tútù, àti kásíà olódòdó yẹ́lò, kẹ́ ẹ wo bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe rí látorí ewé títí dé gbòǹgbò kẹ́ ẹ tó yọ owó. Èrò tèmi ò sì pamọ́, mo máa sọ ọ́ látìbẹ̀rẹ̀: òdòdó ni gbogbo èèyàn fi ń mú igi, gbòǹgbò ló sì yẹ kí wọ́n fi mú un.

Mọ̀lẹ́bí kan náà ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin o, mọ̀lẹ́bí ẹ̀wà. Ẹ̀wà tẹ́ ẹ jẹ láàárọ̀, ẹ̀pà, sóyà, òtílí, ìdílé kan náà ni gbogbo wọn, Fabaceae làwọn onímọ̀ ewéko ń pè é, oríṣi ewéko tó wà nínú ẹ̀ ju 19,000 lọ, ìdílé méjì péré ló sì pọ̀ jù ú lọ nínú gbogbo ewéko tó ń tanná láyé. Àpò èso ni àmì wọn, ẹ la èyíkéyìí nínú àpò yẹn sí méjì, ẹ máa bá kóró tó tò sí ẹgbẹ́ kan bíi ti ẹ̀wà tútù. Lọ́dún 2017 ni wọ́n tún ìdílé yìí pín sí ẹ̀ka mẹ́fà, flamboyant, igi irú àti kásíà bọ́ sí ẹ̀ka kan náà, agunmániyè ní tiẹ̀ bọ́ sí ẹ̀ka tí ẹ̀wà fúnra ẹ̀ wà. Ẹ má gbàgbé ìyẹn, ó máa wúlò tá a bá dé ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Èlú tí àwọn ìyá wa fi ń rẹ aró, tí wọ́n tìtorí ẹ̀ ń ki Òṣogbo ní ìlú aró, òun náà ń bẹ nínú mọ̀lẹ́bí yìí, àmọ́ èlú máa ń fà mọ́ igi ẹlòmíì ni, ẹ ò lè gbé àga sábẹ́ ẹ̀.

Inú ọ̀rá ni wọ́n ti ń ta jàǹbá féèyàn

Nígbà tí igi ò tíì ju ìka ọwọ́ lọ, flamboyant, igi irú, àtàwọn igi méjì míì tí wọ́n ń pè ní leucaena àti jacaranda, gbogbo wọn ló ní ewé tó dà bí ìyẹ́ ẹyẹ, ẹni tó ń tà á gan-an lè má mọ̀ ọ́n yàtọ̀. Mo mọ ẹnì kan tó tọ́jú leucaena fún ọdún mẹ́ta tó ń retí òdòdó pupa, bọ́ọ̀lù funfun kékeré ló rí, látìgbà yẹn ló sì ti ń hú u, kò tíì hú u tán.

Báyìí lẹ ṣe máa yẹ̀ ẹ́ wò. Ewé flamboyant kan ṣoṣo lè gùn tó 30 sí 50 cm, ọ̀pá kan ló gba àárín ẹ̀ kọjá, ọ̀pá kéékèèké yọ lọ́tùn-ún lósì lára ìyẹn, ewé wínníwínní wá tò sára àwọn ọ̀pá kéékèèké yẹn, ìyẹn ni pé ẹ̀ẹ̀mejì ló pín. Ẹ wo ìdí ewé yẹn dáadáa, níbi tó ti so mọ́ igi, ẹ máa rí ewé pínńṣín méjì kan níbẹ̀ tí àwọn náà ya bí ìyẹ́. Tẹ́ ẹ bá ti rí i, ọkàn yín balẹ̀. Jacaranda ò sí nínú mọ̀lẹ́bí ẹ̀wà rárá, méjì méjì lewé ẹ̀ máa ń yọ tí wọ́n á kọjú síra wọn lára igi, ti flamboyant kì í kọjú síra wọn, ọ̀kan níbí, ọ̀kan lókè lọ́hùn-ún.

Ewé igi irú náà pín lẹ́ẹ̀mejì, àmọ́ ewé wínníwínní tiẹ̀ fún mọ́ra gádígádí, kò sì sí ewé ìyẹ́ pínńṣín yẹn nídìí ẹ̀. Àwọn méjì tó kù rọrùn, ewé wọn ò pín ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ti kásíà, méjì méjì ló tò títí dé ìparí. Ti agunmániyè, ewé kan máa dá dúró lórí téńté bí ọmọ tí wọn ò rí ẹnìkejì fún, tẹ́ ẹ bá sì fún un lọ́wọ́, òórùn kan wà lára ẹ̀ tí ẹ ò ní gbàgbé.

Òdòdó, torí mo mọ̀ pé òun lẹ wá fún

Flamboyant ló gba ife-ẹ̀yẹ, mi ò ní parọ́. Tí ọ̀gbẹlẹ̀ bá dé, ó máa ń wọ́wé dànù, á dúró gbangba bí igi tó ti kú, tí òjò bá wá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, àárín oṣù kẹrin sí oṣù kẹfà níhìn-ín, iná á ràn lórí ẹ̀. Ẹ já ọ̀kan sílẹ̀ lọ́wọ́ kẹ́ ẹ wò ó. Ewé òdòdó márùn-ún ló ní, mẹ́rin pupa ṣáká, wọ́n na ara wọn sílẹ̀, ọ̀kan tó kù dúró lókè, ó fi díẹ̀ tóbi ju àwọn yòókù lọ, funfun àti yẹ́lò tàn sí i lára bí ẹni tó ta epo sí aṣọ àlà. Ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn tín-ín-rín bí èékánná ẹyẹ, ibẹ̀ ni orúkọ ẹ̀ ti wá, Delonix, èdè Gíríìkì ni, èékánná tó hàn gbangba. Nígbà tá a wà ní pírámárì a ò mọ Gíríìkì kankan, àmọ́ a máa ń ya èèpo tó bo òdòdó yẹn, a óò lẹ̀ ẹ́ mọ́ èékánná wa, a óò máa ṣe ìyàwó olówó kiri. Erékùṣù Madagásíkà ló ti wá o, kì í ṣe igi ilẹ̀ wa, bó ti wù kó pẹ́ tó níbí.

Igi irú, onílé ni. Òdòdó tiẹ̀ kò jọ òdòdó téèyàn mọ̀, bọ́ọ̀lù pupa ni, okùn gígùn ló fi so rọ̀ lórí igi, ọ̀pọ̀ òdòdó kéékèèké ló sì para pọ̀ di bọ́ọ̀lù kan. Àdán ló ń bá a ṣiṣẹ́, òru ni wọ́n ń wá lá omi dídùn ara ẹ̀, bí wọ́n ṣe ń ti bọ́ọ̀lù kan bọ́ sí òmíràn ni wọ́n ń gbé àtíkè òdòdó kiri, ohun tó ń jẹ́ kó so nìyẹn. Torí náà tẹ́ ẹ bá kórìíra àdán, ẹ tètè sọ. Orúkọ tí wọ́n fún un nínú ìwé, Parkia biglobosa, orúkọ Mungo Park ló wà nínú ẹ̀, òyìnbó tó rìn lẹ́bàá odò Ọya tó sì kú sí Bùsà lọ́dún 1806. Ogún ọdún lẹ́yìn ikú ẹ̀ ni onímọ̀ ewéko kan tó ń jẹ́ Robert Brown fi orúkọ yẹn sọ ọ́, àwọn ìyá wa sì ti ń se irú látayébáyé.

Òdòdó kásíà yẹ́lò, ó pọ̀, ó dára wò láti òkèèrè, kò sí nǹkan tí mo fẹ́ sọ mọ́. Ti agunmániyè pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ó máa ń bo ẹ̀ka tí ewé ti wọ́ lára ẹ̀ nígbà ọyẹ́, tẹ́ ẹ bá sì mú ọ̀kan lọ́wọ́, òdòdó ẹ̀wà gan-an lẹ mú yẹn, ó ní ewé òdòdó ńlá kan tó nà bí àsíá, ó ní méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ìyẹ́, kò sí ìyàtọ̀ ju àwọ̀ lọ.

Kí lẹ máa rí jẹ?

Ibí ni màmá ti borí. Àpò èso flamboyant lè gùn tó 60 cm, ó fẹ̀ tó ìka mẹ́ta, ó le bíi pákó, tó bá gbẹ tí atẹ́gùn mì ín ó ń dún bí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, àwọn ọmọ ń fi jó, tí wọ́n bá sì jó tán, ó di igi ìdáná. Ó parí.

Àpò èso igi irú ń so rọ̀ ní ìdì ìdì lára bọ́ọ̀lù yẹn, tó bá gbó, inú ẹ̀ ní ìyẹ̀fun yẹ́lò tó dùn táwọn ọmọ ń lá, àárín ìyẹ̀fun yẹn ni kóró dúdú tó ń di irú wà. Ẹ má rò pé ẹ máa kó o wálé tán kẹ́ ẹ bù ú sọ́bẹ̀ o. Kóró yẹn le, wọ́n á sè é mọ́jú, wọ́n á gún un tàbí kí wọ́n fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ kí èèpo ẹ̀ lè bọ́, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á tún un sè, wọ́n á wá bò ó mọ́lẹ̀ kó gbóná bíi ọjọ́ méjì sí mẹ́ta kó tó máa ta sánsán. Màmá fúnra wọn sọ pé irú wooro làwọn ń rà l'Ọ́jà Ọba báyìí, pé agbára àtisè é ti tán lára àwọn. Mo kàn rẹ́rìn-ín ni.

Agunmániyè kì í ṣe oúnjẹ èèyàn, orúkọ ẹ̀ nínú ìwé, Gliricidia, apeku ló túmọ̀ sí, torí pé ní Mẹ́síkò àti àárín gbùngbùn Amẹ́ríkà tó ti wá, wọ́n máa ń fi kóró àti èèpo ẹ̀ pa eku. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ fi kóró ẹ̀ ṣeré. Ewúrẹ́ àti àgùntàn ní tiwọn ń jẹ ewé ẹ̀, wọ́n máa ń yarí fún un lákọ̀ọ́kọ́ torí òórùn yẹn, ẹ gé e sílẹ̀ kó rọ díẹ̀ kẹ́ ẹ tó gbé e fún wọn, tó bá ti mọ́ wọn lẹ́nu, àwọn ló máa máa wá yín kiri. Kásíà ńkọ́? Ẹni tó bá ń sin ẹlẹ́dẹ̀, kó jìnnà sí i, ewé ẹ̀ ń pa ẹlẹ́dẹ̀.

Gbòǹgbò, níbi tọ́rọ̀ wà

Bàbá mi gbin flamboyant kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ fẹ́ǹsì wa nígbà tí mo wà ní jẹ́ésì wáànù, ìgbésẹ̀ mẹ́ta péré ló wà láàárín òun àti búlọ́ọ̀kù, torí wọ́n fẹ́ kó ṣíji bo bẹ́ǹṣì tí wọ́n máa ń jókòó sí tí wọ́n bá ń ka ìwé ìròyìn. Igi yẹn dàgbà, ó dára, àlejò ń ya fọ́tò níbẹ̀. Gbòǹgbò flamboyant kì í lọ sísàlẹ̀ púpọ̀, ojú ilẹ̀ ló ń rìn, ẹ máa rí i tó wú jáde bí iṣan ẹsẹ̀ alágbàṣe, ó kọ́kọ́ gbé símẹ́ǹtì ilẹ̀ sókè, ọmọ ń fẹsẹ̀ kọ, a ń rẹ́rìn-ín, ó wá dé fẹ́ǹsì, ilà kan bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, tínínrín, èèrà ń gbabẹ̀ kọjá, lọ́dún kejì mo lè ki ìka ìlábẹ̀ bọ̀ ọ́. Bíríkìlà tá a pè wò ó títí, ó ní "Bàbá, tí mo bá lẹ̀ ẹ́ lónìí, igi yìí á tún tì í lọ́la." A ṣì ń ronú sí i ni atẹ́gùn òjò àkọ́rọ̀ ọdún yẹn dé, igi flamboyant sì rọ̀, ẹ̀ka ẹ̀ ń ṣẹ́ bí iṣu, ẹ̀ka kan tó tó ìbàdí mi ya lulẹ̀ sórí ilé ìdáná aládùúgbò wa. Páànù mọ́kànlá la rà. Bẹ́ǹṣì nìkan ni nǹkan kan ò ṣe.

Torí náà tí ẹnikẹ́ni bá bi mí, mo máa ń ní ẹ jẹ́ kó fi mítà mẹ́wàá jìnnà sí ògiri, sí sọ́kàwèè, sí páìpù omi, kó má sì sí wáyà NẸ́PÀ lórí ẹ̀. Ẹ wá ṣírò. Ààbọ̀ pulọ́ọ̀tì, ẹ jẹ́ ká ní 50 ẹsẹ̀ bàtà sí 50, mítà 15 sí 15 nìyẹn, ilé ti gba púpọ̀ nínú ẹ̀, flamboyant tó bá dàgbà kì í ga púpọ̀, bíi mítà 9 sí 12, àmọ́ orí ẹ̀ ń tẹ́ bí agbòòrùn, ó sábà máa ń fẹ̀ ju bó ṣe ga lọ. Ibo lẹ fẹ́ gbé e sí? Orí ilé yín?

Igi irú ò rọ̀ bíi flamboyant, gbòǹgbò tiẹ̀ ń lọ sísàlẹ̀, àmọ́ ó lè ga tó mítà 20, igi oko ni, ó fẹ́ ibi tí ẹsẹ̀ ẹ̀ máa gbà. Kásíà ga náà, àmọ́ ó gba kéèyàn máa gé e, bẹ́ ẹ bá bẹ́ ẹ dé ìdí á tún rú, ìdí tí wọ́n fi ń gbìn ín fún igi ìdáná àti òpó nìyẹn, kì í sì í wọ́wé tán lọ́gbẹlẹ̀ bíi ti flamboyant. Agunmániyè ni kò lè yọ yín lẹ́nu rárá, torí ẹ̀yin lẹ máa sọ bó ṣe máa ga fún un, ẹ fi àdá gé e lẹ́ẹ̀mejì sí mẹ́ta lọ́dún, ó tán.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti ọ̀rọ̀ àkókò

Àwọn èèyàn máa ń sọ fún mi pé "ṣebí mọ̀lẹ́bí ẹ̀wà ni, á máa fún ilẹ̀ lóúnjẹ." Rárá o, kì í ṣe gbogbo wọn. Ẹ̀wà ní àwọn kókó kéékèèké lára gbòǹgbò ẹ̀, bakitéríà ló ń gbé inú ẹ̀, àwọn ló ń mú náítírójìn látinú atẹ́gùn wá fún un. Agunmániyè ní kókó yẹn, ẹ rántí pé mo ní ẹ̀ka ìdílé tí ẹ̀wà wà ló wà, àwọn IITA, iléeṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà n'Íbàdàn, sì ti gbìn ín sáàárín ìlà àgbàdo láwọn ọdún 1980 torí ìyẹn, wọ́n ń gé ewé ẹ̀ sílẹ̀ kó jẹrà. Flamboyant àti kásíà, ẹ hú gbòǹgbò wọn wò, ẹ ò ní rí kókó kankan. Igi irú náà, ewé ẹ̀ tó ń jábọ́ ló ń ṣe ilẹ̀ lóore, kì í ṣe kókó gbòǹgbò.

Ní ti bó ṣe ń yá sí, agunmániyè ò ní ẹlẹgbẹ́: ẹ gé ọ̀pá tó ti gbó, tó gùn tó mítà kan àtààbọ̀, ẹ gé ìsàlẹ̀ ẹ̀ ní ìdagẹ̀rẹ̀, ẹ rì í mọ́lẹ̀ ní oṣù kẹta tàbí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin tí òjò bá ti fẹ́ dé, kí ọdún tó parí ẹ ti ní fẹ́ǹsì tútù. Flamboyant látinú kóró, ẹ da omi gbígbóná lé kóró yẹn kẹ́ ẹ jẹ́ kó sùn mọ́jú kí èèpo líle ẹ̀ lè rọ̀, á hù dáadáa, àmọ́ òdòdó lè gba ọdún márùn-ún, ó lè tó mẹ́wàá. Igi irú bẹ́ẹ̀ náà, ọdún márùn-ún sí mẹ́wàá kó tó so.

Àwọn míì máa ń bèèrè awin, tí mo fẹ́ràn gan-an, èso dúdú tó ní irun múlọ́múlọ́ lára, téèyàn ń fi eyín fọ́, inú ẹ̀ kan díẹ̀ ó dùn díẹ̀, ẹnikẹ́ni tó bá wò ó kò ní gbà pé mọ̀lẹ́bí ẹ̀wà ni, bẹ́ẹ̀ sì ni. Kì í yára rárá. Ẹ gbìn ín fún ọmọ yín. Igi òjò tí wọ́n ń pè ní rain tree, tó máa ń pa ewé dé lálẹ́, ẹ fi sílẹ̀ fún ọgbà yunifásítì, ọ̀kan ṣoṣo lè bo ilé mẹ́rin.

Ohun tí wọ́n gbé lọ

Gbogbo ẹ̀ ni mo rò fún wọn níbẹ̀, ọkọ wá sọ̀ kalẹ̀ níkẹyìn. Mo ní sà, fún mọ́tò yín, ẹ kan páànù. Kò sí igi tó máa ṣíji bo mọ́tò tí kò ní da ewé, òdòdó àti ìgbẹ́ ẹyẹ sí i, ewé flamboyant wínníwínní yẹn gan-an, inú gọ́tà páànù ló ń dì sí. Ó wo mọ́tò ẹ̀, ó wo mí, kò sọ nǹkan kan.

Mo gé ọ̀pá agunmániyè méjìlá fún wọn látẹ̀yìn ilé mi, fún fẹ́ǹsì ẹ̀yìn, torí wọ́n ní ewúrẹ́ méjì. Màmá ra igi irú méjì, wọ́n ní oko àwọn lọ́nà Ìkìrun ló ń lọ, kì í ṣe ilé ẹnikẹ́ni. Ó wá ku ànńtí àti pupa wọn. Mo mú wọn lọ sí igun kan níbi tí mo kó Pride of Barbados sí, mọ̀lẹ́bí ẹ̀wà kan náà, òdòdó ẹ̀ jọ ti flamboyant bí àbúrò ṣe ń jọ ẹ̀gbọ́n, pupa tó ní yẹ́lò létí, kì í sábà ga ju mítà mẹ́ta lọ, láàárín ọdún kan téèyàn bá fi kóró gbìn ín ó ti ń tanná, gbòǹgbò ẹ̀ ò sì lè gbé símẹ́ǹtì. Ó ní ẹ̀gún díẹ̀ lára, mo sọ fún wọn.

Wọ́n yọ fóònù, wọ́n gbé fọ́tò yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ewé ẹ̀, wọ́n wo ìkínní, wọ́n wo ìkejì. "Ṣé ó máa pupa tó báyìí?" Mo ní kò ní tóbi tó o, àmọ́ pupa, á pupa. Mẹ́ta ni wọ́n gbé, ọkọ ló gbé e sí búùtù, ó sì tẹ́ bébà sílẹ̀ kí iyẹ̀pẹ̀ má bàa da sí i.